Ọjọ́ Tí Fáìlì Ń Rántí

  Ètò ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà wa ti tún dé. Ẹni tí ìwé àti bírò bá wà nítòsí rẹ̀, kó fà á mọ́ra, nítorí pé àwọn àṣẹ kan wà tí n óò pè ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lálẹ́ yìí, tí mo sì fẹ́ kí ẹ kọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa dá lórí fáìlì tí a ń wá tí a kò rí. Ó lè jẹ́ pé orúkọ tí ẹ fún fáìlì náà ti fò lọ lọ́kàn yín, ṣùgbọ́n ẹ rántí ìgbà tí ẹ ṣe é. Ẹ̀yin á ní, "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni," tàbí, "Ó kù díẹ̀ kí a ṣe Iléyá ni." Ṣé a lè fi ọjọ́ wá fáìlì? A lè fi ọjọ́ wá a dáadáa. Kọ̀ǹpútà a máa fi òǹtẹ̀ ọjọ́ àti wákàtí lu gbogbo fáìlì tó wà nínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé òǹtẹ̀ náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ó tó mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìbéèrè tó ń dáhùn. Ẹni tí kò bá mọ ìbéèrè tí òun ń bi kọ̀ǹpútà, ìdáhùn ìbéèrè mìíràn ni yóò gbà, yóò sì rò pé fáìlì òun ti sọnù.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Nígbà tí ìyá tó bí ìyá mi ṣì wà láyé, mo lọ bá wọn lábúlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ kékeré kan dání. Nígbà àkọ́kọ́, oríkì ilé wa ni wọ́n kì fún mi. Nígbà kejì, wọ́n sọ bí àwọn baba ńlá wa ṣe tẹ ibẹ̀ dó. Nígbà kẹta, wọ́n jókòó lórí àga lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ń ka orúkọ àwọn ìyá ìdílé wa, láti orí ìyá tiwọn títí dé orí ìyá tó bí ìyá ìyá wọn. Ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọ̀nyẹn sílẹ̀ rí. Fáìlì 57 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, orúkọ wọn kò sì ju nọ́ńbà lọ: REC001, REC002, títí dé REC057. Kò sí ohun tó fi ibi tí ìbẹ̀wò kan parí sí hàn, tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, àfi ọjọ́ tó wà lára fáìlì kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà tó yá, mo ra kọ̀ǹpútà tuntun, mo fi Linux, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sórí rẹ̀, mo sì da àwọn ohùn náà kọ láti orí fláàṣì ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ náà sínú rẹ̀. Ìyá àgbà fi ayé sílẹ̀. Àwọn ẹbí ní kí n mú orúkọ àwọn ìyá wọ̀nyẹn wá, kí a lè tẹ̀ wọ́n sínú ìwé ìrántí. Mo ṣí fódà náà. Fáìlì 57, ọjọ́ kan ṣoṣo! Ọjọ́ tí mo dà wọ́n kọ sórí kọ̀ǹpútà tuntun ni ó wà lára gbogbo wọn. Ọkàn mi pami. Ẹ jẹ́ kí n dá ìtàn yẹn dúró níbẹ̀ ná, kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń kọ sílẹ̀.

Ẹ ronú kan fáìlì ọ́fíìsì ìjọba, irú èyí tó ní páálí lóde, tí ìwé wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin ni a lè bi akọ̀wé nípa rẹ̀. Èkíní: ìgbà wo ni wọ́n fi ìwé kún ti inú rẹ̀ kẹ́yìn, tàbí tí wọ́n yọ nínú rẹ̀? Èkejì: ìgbà wo ni ẹnìkan ṣí i kà kẹ́yìn? Ẹ̀kẹta: ìgbà wo ni wọ́n fọwọ́ kan páálí náà kẹ́yìn, bóyá wọ́n yí orúkọ ara rẹ̀ padà, tàbí wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíràn sí i pé òun ló ni ín? Ẹ̀kẹrin: ìgbà wo ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí fáìlì yìí?

Kọ̀ǹpútà ní ìdáhùn fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti inú fáìlì ni mtime: lẹ́tà m, kí t-i-m-e tẹ̀ lé e. Ti kíkà ni atime. Ti páálí ni ctime. Ti ìbí fáìlì ni wọ́n ń pè ní birth.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ctime, nítorí pé òun ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ jù. Bí ènìyàn bá ti rí lẹ́tà c, ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé ọjọ́ tí a dá fáìlì ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ lórí Linux àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ìyípadà ni c yẹn dúró fún. Bí ẹ bá yí àṣẹ tó wà lórí fáìlì padà, pé kí ẹnikẹ́ni má lè kà á mọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀yin, kò sí lẹ́tà kan tó yí padà nínú rẹ̀, nítorí náà mtime kò ní mira. Ctime ni yóò yí. Bí ẹ bá sì kọ nǹkan sínú fáìlì, méjèèjì ni yóò yí, nítorí pé ara páálí ni wọ́n ń kọ mtime fúnra rẹ̀ sí. Ẹni tó bá fi ctime wá ọjọ́ ìbí fáìlì ń bi akọ̀wé ní ìbéèrè kẹta, ó sì ń retí ìdáhùn ẹ̀kẹrin.

Ó yá, ẹ mú bírò. Ẹ ṣí fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní terminal. Ẹ tẹ s-t-a-t, ẹ fi àyè sílẹ̀, kí ẹ tẹ orúkọ fáìlì kan, báyìí:

stat leta.txt

Òǹtẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jáde ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: Access ni kíkà, Modify ni inú fáìlì, Change ni páálí, Birth sì ni ìbí. Lórí àwọn Linux tó ti pẹ́, ẹ lè rí i pé iwájú Birth ṣófo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ọ̀nà tí àwọn àṣẹ wọ̀nyí lè gbà béèrè ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ Linux, bí dísìkì tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọdún 2017 ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà, nígbà tí Linux 4.11 jáde.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ wo gbogbo fódà, àṣẹ ls ni. Ẹ tẹ l-s, àyè, ìlà kékeré, l-t-r:

ls -ltr

Àwọn fáìlì á tò gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí, àgbà níwájú, èyí tí ẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn nísàlẹ̀ pátápátá. Mtime ni ls ń fi hàn bí ẹ kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un. Bí ẹ bá fẹ́ atime, ẹ lo ls -lu. Bí ó bá jẹ́ ctime, ẹ lo ls -lc. Kí ẹ sì mọ̀ pé fáìlì tó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà, ls kì í sọ wákàtí rẹ̀ mọ́, ọdún ló máa fi rọ́pò. Wákàtí náà ṣì wà nípamọ́. Stat á sọ ọ́.

A ti dé orí òpómúléró ọ̀rọ̀ wa, ìyẹn àṣẹ find. Òun ni ó máa ń wọ inú gbogbo fódà, àti àwọn fódà tó wà nínú fódà, tí yóò máa yẹ òǹtẹ̀ wò. Ẹ kọ èyí sílẹ̀: f-i-n-d, àyè, dọ́ọ̀tì, àyè, ìlà kékeré, mtime, àyè, ìlà kékeré, 1.

find . -mtime -1

Dọ́ọ̀tì yẹn túmọ̀ sí "níbi tí mo wà yìí." Ìlà kékeré tó wà níwájú 1 túmọ̀ sí "tí kò tó." Ohun tí ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà ni pé kó kó gbogbo fáìlì tí inú wọn yí padà láàárín wákàtí 24 tó kọjá wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí find ṣe ń ka ọjọ́, nítorí pé kò kà á bí àwa Yorùbá ṣe ń kà á. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni a ó sọ ọ́ lórúkọ, a ó sì ní ìjọ́ kẹjọ ni. Ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ gan-an, a máa ń kà á mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ọjà tí a ń ná lọ́rọọrún fi jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta péré ló wà láàárín ọjọ́ ọjà kan àti èkejì. Find kì í ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀. Kódà, kì í ka ọjọ́ tí kò bá tíì pé. Wákàtí tó ti kọjá ni yóò wò, yóò pín in ní 24-24, yóò sì da èyí tó bá ṣẹ́kù nù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ tuntun yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní a kọ fáìlì kan ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e bá lù, wákàtí 167 ti kọjá. Ìlọ́po mẹ́fà 24 jẹ́ 144, ó ku 23. Find á da 23 náà nù, yóò ní ọjọ́ mẹ́fà ni. Bí ó bá di aago mẹ́wàá géérégé, á ní ó di méje. Lójú tiwa, ìjọ́ kẹjọ ni láti òwúrọ̀. Kò sí ẹni tó ṣìrò nínú àwa àti find. Ọ̀nà ìkà wa ló yàtọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ rí fáìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà ìkà find béèrè.

Ibi tí èyí ti ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni àmì ìròpọ̀. Bí mo bá tẹ find . -mtime +1, ó jọ pé mo ń sọ pé "èyí tó ti lé ní ọjọ́ kan." Ẹ wo fáìlì tó ti pé wákàtí 30. Ó ti lé ní ọjọ́ kan, àbí? Ṣùgbọ́n find ti da wákàtí mẹ́fà tó lé nù, ó ku 1. Àmì ìròpọ̀ sì ń béèrè ohun tó ju 1 lọ, ìyẹn 2. Nítorí náà fáìlì náà kò ní jáde títí yóò fi pé wákàtí 48. Bí ẹ bá tẹ +7, ọjọ́ mẹ́jọ ó kéré tán ni ẹ ń béèrè. Bí ẹ bá tẹ 1 lásán, láìfi àmì kankan ṣíwájú rẹ̀, èyí tó wà láàárín wákàtí 24 sí 48 ni ẹ óò rí.

Bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú ni ẹ fẹ́ kà, mmin ni kí ẹ lò dípò mtime. Àṣẹ find . -mmin -60 á fún yín ní ohun tó yí padà ní wákàtí kan tó kọjá. Èmi a máa lò ó gan-an bí mo bá tọ́jú iṣẹ́ kan tán tí n kò mọ fódà tó bọ́ sí.

Bí ó bá sì jẹ́ àná gan-an ni ẹ ń wá, láti ọ̀gànjọ́ òru títí dé ọ̀gànjọ́ òru, àwọn tó ṣe find ti GNU, èyí tó wà lórí Linux, fi ọ̀rọ̀ kan kún un: daystart. Òun ló máa sọ fún find pé kó máa fi ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ṣe òdiwọ̀n. Iwájú mtime ló gbọ́dọ̀ wà:

find . -daystart -mtime 1

Bí ẹ bá sì mọ ọjọ́ náà nínú kàlẹ́ńdà, ẹ má ṣe ara yín ní wàhálà ìṣirò. Ẹ pe ọjọ́ náà bó ṣe jẹ́. Ẹ kọ n-e-w-e-r-m-t sílẹ̀. Lẹ́tà m inú rẹ̀ ni mtime, t sì ni àkókò tí ẹ fẹnu ara yín sọ. Ọdún ló máa ṣíwájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá fẹ́ gbogbo ohun tí ẹ ṣe ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2023, ẹ tẹ:

find . -newermt 2023-11-14 ! -newermt 2023-11-15

Àmì ìyanu àárín yẹn túmọ̀ sí "kì í ṣe." Ohun tí gbogbo rẹ̀ ń sọ ni pé: mú èyí tó dé lẹ́yìn tí ọjọ́ 14 bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò dé lẹ́yìn tí ọjọ́ 15 bẹ̀rẹ̀.

Ìkan tún wà tó máa bá ọmọ Yorùbá lára mu, nítorí pé àwa kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ṣeré. Bí ẹ kò bá rántí ọjọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ rántí pé lẹ́yìn tí ẹ parí ìjábọ̀ kan ni ẹ kọ ohun tí ẹ ń wá, ẹ sọ fún find pé kó kó gbogbo àbúrò ìjábọ̀ náà jáde:

find . -newer ijabo.txt

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ba òǹtẹ̀ jẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn ìyá àgbà ti wọlé. Àṣẹ tí a fi ń da fáìlì kọ lórí Linux ni cp. Lójú cp, fáìlì tuntun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Nítorí náà yóò fi òǹtẹ̀ òní lù ú, kódà kí ohùn inú rẹ̀ ti pé ogún ọdún. Bí ẹ bá fẹ́ kí mtime àtijọ́ bá fáìlì dé ilé tuntun, cp -p ni kí ẹ lò. Bí ó bá jẹ́ odidi fódà, ẹ lo cp -a. Rsync, àṣẹ ìdàkọ mìíràn, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá fi -a sí i. Ṣùgbọ́n àṣẹ mv, tí a fi ń gbé fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn tàbí tí a fi ń yí orúkọ rẹ̀ padà, kì í ba mtime jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Windows, tiyín tún gba ọ̀nà mìíràn. Bí ẹ bá da fáìlì kọ níbẹ̀, Windows á tọ́jú ọjọ́ ìyípadà àtijọ́, ṣùgbọ́n yóò fún ẹ̀dà náà ní ọjọ́ ìbí tuntun. Ìyẹn ni ẹ fi ń rí fáìlì tó jọ pé wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2015, tí wọ́n sì bí i lọ́dún 2024. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ̀dà yẹn ni wọ́n bí lọ́dún 2024. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló ti wà láti 2015.

Ohun tó jọ èyí máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá tú fáìlì zip, ìyẹn fáìlì tí a di àwọn fáìlì mìíràn pọ̀ sínú rẹ̀. Fáìlì inú rẹ̀ á jáde pẹ̀lú mtime àtijọ́. Ẹ tú u lónìí, ẹ fi -mtime -1 wá a, ẹ kò rí i. Ibi tí ctime ti wúlò nìyí. Páálí fáìlì náà, òní ni ó dé orí dísìkì yín. Ẹ tẹ find . -ctime -1, ẹ ó rí i.

Ctime tún wúlò fún ohun kan tó lágbára. Àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ touch. Bí mo bá tẹ touch -d "2015-06-01" leta.txt, mtime fáìlì yẹn á di ti ọdún 2015 lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárọ̀ yìí ni mo kọ ọ́. Àṣẹ náà ní ìwúlò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣe ayédèrú ìwé náà lè lò ó. Touch kò lè dá ctime padà sẹ́yìn. Ní ìṣẹ́jú tí ẹ bá lò ó gan-an ni ctime yóò di ìṣẹ́jú yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti fọwọ́ tún ọjọ́ ìwé kan ṣe, ẹ wo mtime, kí ẹ sì wo ctime. Síbẹ̀, ẹ má ti orí ẹyọ kan yìí pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀daràn. Dídà kọ àti yíyí orúkọ padà, láìsí ìwà ibi kankan, máa ń mú ctime wá síwájú. Ẹni tó ní àṣẹ ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà sì lè yí aago rẹ̀ padà, kí ctime pàápàá jẹ́rìí èké.

Atime ńkọ́? Ẹ má gbára lé e púpọ̀. Nígbà kan, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ka fáìlì ni kọ̀ǹpútà ní láti kọ atime tuntun sí dísìkì. Ẹ wo bí iṣẹ́ yẹn ṣe pọ̀ tó: kíkà di kíkọ. Láti orí Linux 2.6.30, tó jáde lọ́dún 2009, wọ́n dín in kù. Atime kì í yí mọ́ àfi bí inú fáìlì tàbí páálí rẹ̀ bá ti yí padà lẹ́yìn kíkà tó gbẹ̀yìn, tàbí bí atime náà bá ti lé ní wákàtí 24. Ẹni tó bá ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́, atime lè má yí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn olùgbọ́ wa kan lè máa béèrè pé, níbo ni kọ̀ǹpútà ti ń rí ọjọ́ tó ń kọ? Kò kọ "aago mẹ́ta ọ̀sán" sílẹ̀ rárá. Ohun tí Linux ń ṣe ni pé ó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá láti ọ̀gànjọ́ òru tó mú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970 wá, ní aago àgbáyé tí a ń pè ní UTC. Ìṣẹ́jú-àáyá 86,400 ló wà nínú ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2023, bí aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá díẹ̀ ní Nàìjíríà, iye náà pé 1,700,000,000. Láti ọ̀dọ̀ Ken Thompson àti Dennis Ritchie, tí wọ́n ṣe Unix, ìbátan àgbà Linux, ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ni àṣà ìkà yìí ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọdún 1971 ni wọ́n ti ń kà, wọ́n sì pín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan sí ọgọ́ta. Àyè tí wọ́n fún iye náà kéré débi pé ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ péré ni yóò fi kún. Wọ́n ní láti fi ìṣẹ́jú-àáyá gidi rọ́pò rẹ̀.

Nítorí pé iye kan náà ni kárí ayé, ibi tí ẹni tó ń wò ó wà ni ó ń pinnu wákàtí tí yóò rí. Ìyá kan ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, kọ fáìlì ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ọmọ rẹ̀ tó ń wò ó ní Atakpamé, ní ilẹ̀ Togo, á rí aago méjì, nítorí pé aago Togo fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Benin. Ẹni tó wà ní London á rí aago méjì nígbà òtútù, á rí aago mẹ́ta nígbà ooru. Ìṣẹ́jú kan náà ni gbogbo wọn ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún fláàṣì. Ọ̀pọ̀ fláàṣì ló ń lo ètò FAT32, òun sì ń kọ wákàtí ibi tí ó wà sílẹ̀ láìsọ ibi náà. Bí ẹ bá gbé e la ààlà kọjá, wákàtí lè yẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ náà kò sì tẹ́ẹ́rẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá méjì-méjì ló fi ń ka ìyípadà. Bí bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà yín bá sì ti kú, tí aago rẹ̀ ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, àwọn fáìlì tí ẹ bá ṣe lọ́jọ́ náà lè ru ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò tíì ní kọ̀ǹpútà.

Mo gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún yín lórí ohun kan kí àkókò wa tó tán. Find lè pa fáìlì rẹ́, bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ delete sí ìparí àṣẹ. Àwọn kan máa ń ní kó pa gbogbo ohun tó ti lé ní ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ́, kí àyè lè wà. Ẹ kọ́kọ́ tẹ àṣẹ náà láìsí delete, kí ẹ fi ojú yín ka orúkọ ohun tó jáde. Ẹ rántí pé fáìlì tí ẹ tú láti inú zip lánàá lè ru mtime ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Bí find bá pa á rẹ́, ohun tí ẹ ní kó ṣe ló ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn ìyá àgbà. Lẹ́yìn ìgbà tí ara mi balẹ̀, mo rántí fláàṣì àtijọ́ náà. Inú dúrọ́ọ̀ ló wà, lábẹ́ àwọn ìwé iná. Mo tì í bọ ara kọ̀ǹpútà, mo tẹ ls -ltr. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀! Cp kò fọwọ́ kan fáìlì orí fláàṣì rí. Ẹ̀dà ló fún ní ọjọ́ tuntun. Mo fi cp -p dà wọ́n kọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi newermt ya ìbẹ̀wò kẹta sọ́tọ̀, fáìlì mọ́kànlá ni. Mo tẹ àkọ́kọ́ nínú wọn, mo sì gbọ́ tí ìyá àgbà wúkọ́, tí wọ́n ní kí n sún àga mi mọ́ tòsí. Orúkọ àwọn ìyá náà pé sínú ìwé ìrántí.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́. Òǹtẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń lù, ìtàn fáìlì ló ń sọ: ìgbà tí wọ́n kọ ọ́, ìgbà tí wọ́n kà á, ìgbà tí wọ́n gbé e. Kò mọ ọjọ́ tí ìyá yín sọ̀rọ̀. Bí ọjọ́ náà bá ṣe pàtàkì sí yín, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ sínú orúkọ fáìlì, níbi tí cp kò ti lè pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọdún ṣíwájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe tò lẹ́sẹẹsẹ fúnra wọn.

Lálẹ́ yìí, kí ẹ tó sùn, ẹ wá ohùn kan tàbí àwòrán kan tí ẹ kò ní fẹ́ kó sọnù. Ẹ fi stat wo òǹtẹ̀ rẹ̀. Bí mtime rẹ̀ bá bá ohun tí ẹ rántí mu, ẹ lo mv, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sí iwájú orúkọ rẹ̀. Mv kò ní ba mtime yẹn jẹ́. Bí kò bá bá a mu, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé nígbà tí wọ́n ṣì wà láti dáhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí, a óò sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tó wà nínú fáìlì wá a.